Pósí tí A Gbé Lọ sí Orvik

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù Kẹta ni wọ́n já àwọn Ẹfọ̀n Orvik kúrò nínú ìdíje họ́kì orí yìnyín, mo sì wà lára àwọn tínú wọn dùn jù ní gbogbo Harrow Creek. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ṣe ni wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ. Garnet Dubyk lorúkọ mi. Wẹ́dà ni mí. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí lọ́dún náà, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mi ò sì tíì lu èèyàn rí láti ìgbà tí mo ti bọ́ bàtà yìnyín sílẹ̀. Àwọn tí mo lù lórí yìnyín, a kì í ka ìyẹn sí ìjà níbí.

Orvik ò ju ogún kìlómítà lọ sí wa. Àlìkámà ni wọ́n ń gbìn, òun làwa náà ń gbìn. Bí ẹ̀rọ ìkórè wọn bá bà jẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. A sì ń fẹ́ ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Leona, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, ará Orvik ló fẹ́. Ivor Sandvik lorúkọ ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń wa bọ́ọ̀sì àwọn Ẹfọ̀n. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nídìí ọkọ̀ náà. Bí mo bá yà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Kérésì, kó tó kí mi káàbọ̀ ni yóò ti bi mí pé, "Àna, àwọn adìyẹ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fò?" Torí Àṣá ni ẹgbẹ́ tiwa ń jẹ́. Èmi náà á ní, "Wọ́n ń fò o, orí màlúù yín ni wọ́n ń bà lé." Leona á ní ká dákẹ́ ká jẹun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwàdà yẹn bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ní ìpele kejì ìdíje, àwọn Ẹfọ̀n la bá pàdé. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀ síwájú, èkejì á máa lọ sílé. A ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n wá gbá eré kẹfà nílé wa. Marlin Kostiuk ni balógun ẹgbẹ́ wa, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Páàkì, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti yíjú síbòmíràn, nígbà tí òmìrán kan nínú àwọn Ẹfọ̀n tó ń jẹ́ Dag Hellquist fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó sì là á mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlà kejì ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi tútù. Marlin dojú bolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń tàn lọ lórí yìnyín funfun náà bí ẹni da ọ̀dà nù. Mo rí adájọ́ eré tó bẹ̀rẹ̀, tó ń ṣa eyín sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Eyín mẹ́fà.

Egungun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Wọ́n fi wáyà de ẹnu rẹ̀ pa, ọbẹ̀ ṣíṣàn ló ń fi sitírọ́ọ̀ fà mu. Wọ́n ní kí Hellquist fi eré kan jókòó, ó parí. Àwọn Ẹfọ̀n borí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún borí nínú eré keje ní Orvik. Mo wà níbẹ̀. Bí eré ti parí báyìí, àwọn ará Orvik bẹ̀rẹ̀ sí í da súìtì funfun kéékèèké sórí yìnyín, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Marlin! Wá ṣa eyín ẹ! Marlin! Wá ṣa eyín ẹ!" Àgbà wà níbẹ̀ o, ìyá ọlọ́mọ wà níbẹ̀. Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí Ivor lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn eléré ń gbà wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni ẹnìkan sọ fún un. Ohun tí mo gbé délé ni pé àna mi rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, bí Leona bá pè, mi ò gbé fóònù.

Kessock ló kàn tí àwọn Ẹfọ̀n máa bá gbá, gbogbo wa ní Harrow Creek sì di ará Kessock. Nígbà tí Kessock borí lẹ́ẹ̀kẹta, tó ku ẹyọ kan, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo kan pósí. Ó gùn tó ọkùnrin tó dúró ṣánṣán. Mo fi ọ̀dà kùn ún láwọ̀ àwọn Ẹfọ̀n, búráùn àti yẹ́lò, mo kan ìwo màlúù méjì mọ́ ìdérí rẹ̀, mo wá ṣe ọwọ́ irin mẹ́rin, mo fi bóòtù dè wọ́n mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irin gidi ni. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

"Ta ló kú?" Marlin bi mí láti àárín eyín tí wọ́n dè pọ̀.

"Ó ń kú lọ ni," mo ní. "Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, á ti kú tán."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wáyà ẹnu rẹ̀ ni.

Gbọ̀ngàn àwọn ológun àtijọ́ la ti gbọ́ eré náà lórí rédíò. A tó ọgọ́ta láti aago kan ọ̀sán, à ń mu bíà, à ń jẹ ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da wàrà dídì àti ọbẹ̀ ẹran lé lórí. Clayton Voss, tó ni ilé epo, ti gun orí àga, ẹnu rẹ̀ ò sinmi. Bernadine Roy, opó ẹni àádọ́rin ọdún tí kì í pa eré kankan jẹ, ti wọ aṣọ dúdú láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú, torí òun ló máa ṣe ìyàwó òkú. Láti àárọ̀ ló ti ń dán ẹkún rẹ̀ wò.

Ọ̀mì ni títí àsìkò fi tán. Wọ́n wọ àfikún àsìkò, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ góòlù ló lọ. Ó pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò sì há. Góòlù! Kessock! Àwọn Ẹfọ̀n ti lọ!

Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lọ́jọ́ tí àwa fúnra wa borí. Clayton fò sílẹ̀ láti orí àga, ó gbé àga náà, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń sunkún. Ẹnìkan da ìgò wisikí kan lé mi lórí, mo la ẹnu gbà á.

Ọkùnrin kan wà ní kọ̀rọ̀ tí a ò kọbi ara sí. Elmer Tofte ni, ará Orvik tó ń ta irúgbìn, ó yà wá jẹun ni kó tó máa lọ sílé. Fìlà Ẹfọ̀n rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Clayton rí fìlà náà.

"Bàbá Elmer, ẹ kú ọ̀fọ̀ o!"

"Mo dúpẹ́," Elmer dáhùn, kò gbé orí sókè nídìí oúnjẹ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ẹ kú ọ̀fọ̀ ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. A ò tíì ráyè wá kí yín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bóyá ká ní ẹni náà ò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Clayton mú fìlà náà, ó rìn lọ sí ilé ìdáná, ó sọ ọ́ sínú epo gbígbóná tí wọ́n fi ń dín ọ̀dùnkún. A gbọ́ bó ṣe ń ta ṣàà. Elmer nu ẹnu rẹ̀, ó dìde, ó gbá Clayton ní ìkúùkù kan nímú. Ẹ̀jẹ̀ tú. Àwọn mẹ́ta dì í mú, Clayton wá ń lù ú nínú, lórí, níbi tí ọwọ́ bá bà. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni Elmer. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn tí wọ́n gbà jù ú síta sínú òjò dídì. Nígbà tó fẹ́ dìde, mo fi bàtà taari ìdí rẹ̀, ó tún dojú bolẹ̀. A rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wa. Ó wọ́ dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà á lọ sílé. Kò sí ẹni tó ronú ohun tó máa sọ tó bá dé Orvik.

Bí a ṣe ń gbé pósí sẹ́yìn ọkọ̀ mi ni Marlin dé. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú.

"Ọ̀gá, ẹ má lọ."

"Kúrò lọ́nà, Marlin. Torí tìẹ ni."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ."

Wáyà ò jẹ́ kó lè pariwo. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, ìka kan lẹ́yìn èkejì, mo sì ṣíná sí ọkọ̀.

Ọkọ̀ méje ni wá, èèyàn bí ọgbọ̀n. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a dé iwájú pápá yìnyín Orvik. Àwọn ará ìlú náà ti pé jọ síbẹ̀ láti pàdé bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn, wọ́n tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n gbé kọfí gbígbóná lọ́wọ́. Mo tètè rí Elmer láàárín wọn, aṣọ ìnura lójú rẹ̀. Mo sì rí i pé àwọn mìíràn ò gbé kọfí. Ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó òjò dídì ni wọ́n gbé.

Ó yẹ ká padà. A gbé pósí lé èjìká. Èmi wà níwájú lápá ọ̀tún. Bernadine bọ́ síwájú wa, ó ju ọwọ́ sókè.

"Ọkọ mi o! Ẹfọ̀n mi o! Ẹni tó ń jẹ koríko lánàá, òun ni wọ́n fẹ́ gbìn sábẹ́ koríko lónìí o! Ta ni yóò máa tọ̀ sí àárín ọ̀nà fún mi o?"

Àwọn tiwa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Orvik di ṣọ́bìrì wọn mú. Ìyá àgbà kan nínú wọn jáde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti yọ̀ ná, a ti rí i. Ẹ máa lọ sílé." Ká ní a ti lọ nígbà náà, ìtìjú nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ì bá já sí.

Ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì yọ láti ìkóríta. Mo rí Ivor nídìí ọkọ̀, fìlà rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rí i pé ó rí mi. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń sọ fún ọmọ pé kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Clayton sọ yìnyín tó le bí òkúta, ó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́. Gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bọ́ọ̀sì yà bàrà, ó fi imú gbá òkìtì òjò dídì, ó dúró. Àwọn ará Orvik sì ya bò wá.

Mo ti rí ìjà lórí yìnyín láti kékeré. Àwọn adájọ́ máa ń wà níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ẹ lu ara yín díẹ̀, wọ́n á wá là yín. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kọ́kọ́ la ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí, ó lọ sílẹ̀ láìké. Ẹnìkan da kọfí gbígbóná sójú Clayton, ó ń ké, ó ń jùwọ́ kiri bí afọ́jú, wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n já ìbòjú lójú Bernadine, ó sì bu ọkùnrin tó já a jẹ lọ́wọ́, kò tú u sílẹ̀ títí tẹni náà fi ń sunkún. Àwọn tiwa náà ò gbẹ́yìn o. Mo rí aládùúgbò mi, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó di ọkùnrin kan mú létí méjèèjì, tó ń fi orí rẹ̀ gbá ara bọ́ọ̀sì. Gbà. Gbà. Gbà. Òjò dídì tó wà nílẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa.

Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbá mi lẹ́yìn. Mo ṣubú lé pósí náà, igi rẹ̀ ya lábẹ́ mi, ọwọ́ irin kan sì já sí mi lọ́wọ́. Ìrora yẹn, ṣe ló là mí lójú. Mo dìde. Ìgbà náà ni mo rí Dag Hellquist tó ń bọ́ sílẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, mo sì gbàgbé gbogbo ẹni tó kù.

Kò mọ̀ mí rí. Ó bi mí pé, "Ìwọ wo nìyí?" Mo fi irin dá a lóhùn ní orúnkún. Ó gbé ọ̀pá sókè, mo gbá apá tó fi gbé e, mo mọ̀ lára irin náà pé egungun ti lọ. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì fi ọwọ́ tó kù bo ẹnu. Ẹnu ló bò, kò bo orí. Ó ti wá mọ ìdí tí mo fi wá.

Mo gbé irin náà sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnìkan di kọ́là ẹ̀wù mi mú láti ẹ̀yìn, ó fà mí.

"Àna, ó tó! Èmi ni!"

Mo yí padà pẹ̀lú irin náà, gbogbo agbára mi wà nínú rẹ̀.

Ojú òsì ló bà á. Ivor ò ké. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀ bí ẹni ń wá bọ́tìnì tó já. Ẹ̀jẹ̀ àti omi kan tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ó ní, "Garnet." Orúkọ mi nìkan ló pè. Irin bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé, wọn ò nílò kí wọ́n lé mi.

Wọ́n gbé Ivor lọ sí Saskatoon. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi mí bóyá mo mọ ẹni tó dì mí mú, mo ní rárá. Mo ní ariwo pọ̀, ẹ̀yìn ló ti wá, mo rò pé ọ̀tá ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Leona wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀.

"Wọ́n ti yọ ọ́," ó ní.

"Kí ni?"

"Ojú ẹ̀. Kí lo tún rò pé wọ́n máa yọ?"

"Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ pé ọkọ yín ni. Ariwo pọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti…"

Ó gbá mi létí. Kí n tó gbé ọwọ́ sókè, ó ti gbá èkejì. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ yíjú sí ògiri.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́ nígbà tí màámi fi ẹ́ lé mi lọ́wọ́," ó ní. "Mi ò fọwọ́ kàn ẹ́ rí. Àṣìṣe mi nìyẹn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n gba onídùúró mi, wọ́n fi ẹjọ́ sí oṣù Kẹfà. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní Harrow Creek ń gbá mi léjìká, wọ́n ní mo ti gbẹ̀san fún Marlin, pé Hellquist ò ní tẹ yìnyín mọ́ láyé rẹ̀. Òótọ́ ni, orúnkún rẹ̀ ò jẹ́ kó tún gbá a mọ́. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n tú wáyà ẹnu Marlin, ó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ẹnu náà bá mi sọ ni pé, "Ọ̀gá, mi ò rán yín." Kò padà wá mọ́.

Nítorí náà èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún nígbà tí Torvald, àbúrò Ivor, wọlé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì. Ọ̀kan ti ilẹ̀kùn. Torvald ò pariwo.

"Gbé ìbòjú iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ó ní.

Mo gbé e sílẹ̀. Àwọn méjì náà di apá mi, Torvald sì bẹ̀rẹ̀ láti inú. Kò kánjú rárá. Á lù mí, á sinmi, á fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ọwọ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀ tí mo ṣubú, wọ́n fi bàtà ṣe ìyókù. Mo gbọ́ nígbà tí egungun ìhà mi lọ, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì pa pọ̀. Imú mi ti dí, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń mí. Torvald mú òòlù kan lórí tábìlì mi, ó ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún mi sílẹ̀.

"Torvald. Gbé e sílẹ̀."

Ivor ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti rù, aṣọ dúdú kan wà lójú òsì rẹ̀. Ẹnìkan ló fi ọkọ̀ gbé e wá, torí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ nítorí ojú náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà sínú ọkọ̀," Torvald ní.

"Mo ní gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé òun náà dìde."

Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n fi mí ti òpó irin tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ivor rìn wá síwájú mi. Ó ní láti yí orí díẹ̀ kó tó lè wò mí dáadáa.

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ẹ́," ó ní. "Leona ní o ò mọ̀ pé èmi ni. Lọ́ọ̀yà ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi sì sọ̀rọ̀. Mo pè ẹ́ ní àna. Ṣé o gbọ́ ohùn mi?"

Bí mo bá purọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Mo wo ojú rẹ̀ kan tó kù.

"Mo gbọ́," mo ní. "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo rí ẹ̀rín yín lọ́jọ́ eré keje, nígbà tí wọ́n ń da súìtì."

"Ẹ̀rín wo?"

Kò rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò rántí ẹ̀rín kankan.

Ó ká ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn, ó sọ ìkúùkù náà pẹ̀lú gbogbo ara. Mi ò yẹ̀. Mo fẹ́ kó bà mí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó sì lọ bá òpó irin. Gbogbo wa la gbọ́ egungun ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó ń wò ó bó ṣe ń wú.

"Ibi tí mo rò pé o wà," ó ní, "kọ́ lo wà."

Torvald bú sẹ́kún. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, wọ́n sì mú un jáde. Mo jókòó sí ìdí òpó náà títí oníbàárà kan fi dé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bi mí ẹni tó lù mí, mo ní irin ló wó lù mí.

Ní ilé ẹjọ́, lọ́ọ̀yà mi ti kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Nígbà tí adájọ́ bi mí bóyá mo mọ ẹni tó di kọ́là mi mú, mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ó sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́." Lọ́ọ̀yà mi ju bírò rẹ̀ sílẹ̀. Leona wà lẹ́yìn. Mo gbọ́ tó dìde, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi. Clayton gba mẹ́rin, nítorí Elmer àti gíláàsì ọkọ̀. Mo lo mẹ́wàá níbẹ̀ kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ eyín mi kan níbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ibùsùn. Mi ò bá ẹni náà jà.

Nígbà ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ivor ni.

"Ẹ̀rọ ìkórè mi ya lábẹ́," ó ní. "Wẹ́dà tó wà nítòsí ti rìnrìn àjò. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

"Mo ń bọ̀."

"Iṣẹ́ ni mo pè ẹ́ fún o. Mi ò pè ẹ́ fún nǹkan mìíràn."

"Mo gbọ́."

Mo gbé gáàsì tí mo fi ń jó irin lọ. Leona wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, kò jáde, kò sì ti fèrèsé. Mo wọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, Ivor sì dùbúlẹ̀ sí ọ̀ọ́kán mi nínú eruku láti bá mi di irin tuntun náà mú síbi tó ya. Ọwọ́ rẹ̀ ò bọ́ síbẹ̀ gan-an. Ó yà sápá òsì, bí ìbú ìka méjì. Ó rò pé ó wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ mi sún irin náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bọ́ sójú ẹ̀, mo ní kó di ojú rẹ̀ kan tó kù nítorí iná, mo sì tan iná.